Oṣù Tí Mo Fi Èènì Bọ́ Ilé Wa

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tèmi, ọkọ̀ mi ni ẹnu mi kó ọ̀ràn bá. Ká ní mo jẹ dòdò mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn tí mo sì dákẹ́ ni, ọkọ̀ náà ì bá ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò wa ní Fẹ́sítáàkì títí dòní.

Ìyàwó mi dé láti ọjà Agbójú, ó gbé báàgì mẹ́ta kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ní owó oúnjẹ oṣù yẹn ti lọ ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ oṣù kò tíì dé ìdajì. Mo ní, "Mọ́mì, owó kì í dédé sálọ. Ọjà tí o ń ná ló ń jò."

Ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ sítóò fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amúwo kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì àti aago ara ògiri kan. Ìṣó kan ṣoṣo kò lè jáde ní sítóò mi kí n má mọ ẹni tó mú un. Nígbà tí mo wá jókòó sílé tí kò sí ìṣó tí mo fẹ́ kà mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlùbọ́sà. Mo ń ka ẹja tó wà nínú ìkòkò kí a tó jẹun, mo sì ń tún un kà lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Èmi náà mọ̀ pé kò bójú mu, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ra kì í tètè sinmi.

Tíṣà ni ìyàwó mi, kì í sì pariwo. Ó ní, "Dádì, nǹkan kan ń jò nínú ilé yìí lóòótọ́. Níta ló wà, lábẹ́ tapólì."

Ọkọ̀ mi ló ń bá wí. Ọdún mẹ́fà ni kò ti kúrò lójú kan. Síbẹ̀, lóṣooṣù ni mo ń sanwó láti fi iná sí bátìrì rẹ̀, tí mo ń sanwó fún mẹkáníìkì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ṣí iwájú rẹ̀, kó mi orí, kó sì pa á dé. Tapólì tí mo fi bò ó wọ́n ju aṣọ ọrùn mi lọ. Adìẹ aládùúgbò wa ló ń gbádùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà, n kò ní purọ́. Òun ni mo fi gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó fẹ́ bí ọmọ wa kan ṣoṣo, tí ọmọ náà fẹ́ẹ̀ẹ́ jáde sáyé níwájú ọjà Agbójú.

Ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó. Òun ló jáde wá tó ní ariwo wa ń wọ inú ìpàdé òun, pé kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí a yéé fi ẹnu jà. Ó sì kọ ọ́. Èmi ni n óò máa ná owó oúnjẹ fún oṣù kan gbáko, iye kan náà tí ìyàwó mi máa ń ná. N kò gbọdọ̀ yá owó, n kò gbọdọ̀ tọrọ, ebi kò sì gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Bí owó náà bá gbé wa dé òpin oṣù, ọkọ̀ dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sí búburú mọ́. Bí kò bá gbé wa dé e, àwọn tó ń ra ọkọ̀ tó ti kú láti gé e tà bí irin á wá gbé e lọ. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo tilẹ̀ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó dá mi lójú.

Ọjọ́ kìíní oṣù, mo mú báàgì, mo forí lé Agbójú. Àlájà kan wà níbẹ̀, ará Ìṣẹ́yìn, tó ń ta gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń rajà láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì mọ̀ pé èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo dúró kí ó dá àwọn tí mo bá níwájú lóhùn. Obìnrin kan ra kóńgò ẹ̀wà kan. Àlájà wọ̀n ọ́n, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí, èènì nìyẹn. Obìnrin kejì ra ẹ̀wà agolo mílíìkì kan péré. Àlájà wọ̀n ọ́n, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Mo dúró síbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀. Ẹni tó ra púpọ̀ gba ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó ra díẹ̀ náà gba ẹ̀kúnwọ́ kan. Èènì kò mọ bí ọjà ṣe pọ̀ tó. A jẹ́ pé ẹni tó bá ra agolo kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá á gba ẹ̀kúnwọ́ mẹ́wàá, ìyàwó mi sì ti ń da ẹ̀kúnwọ́ mẹ́sàn-án nù láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo rọra kúrò lórí ìlà, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onírèké kan, mo yọ ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo sọ èènì di iṣẹ́ oṣù. Mo kọ ibi tí olúkúlùkù ọlọ́jà jókòó sí, mo sì kọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní ọwọ́ ńlá, mo ń lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ní ọwọ́ bíi ti ọmọ ìkókó, mo máa ń kí i, mo sì ń kọjá lọ. Tọkọtaya kan ń ta gàrí nídìí géètì, mo ń dúró títí ìyàwó á fi jáde kí ọkọ lè wọ̀n ọ́n fún mi. Ata náà, òkìtì kan níbí, òkìtì kan lọ́hùn-ún, kí olúkúlùkù lè ju ẹyọ kan sí i.

N kò jẹ́ kí èènì ẹ̀wà dàpọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí mo fowó rà. Mo ń dà á sínú ike pẹ́ńtì kan lọ́tọ̀, kí ìyàwó mi lè máa fojú ara rẹ̀ rí èrè. Ó wo ike náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ike èlùbọ́ mi nìyẹn o. Mo fẹ́ gbà á padà." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kìíní fi máa parí, ike náà ti kún dé ìdajì, mo sì ń súfèé káàkiri ilé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a gbé ẹ̀wà inú ike kaná. Olóyin wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà funfun wà nínú rẹ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú àpò láti ọdún kẹta náà wà nínú rẹ̀, èènì ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn wákàtí kan, olóyin ti di ọbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, àwọn ìyókù ṣì ń dún nínú ìkòkò. Ọmọ mi fi ṣíbí bu díẹ̀ wò, ó ní, "Dádì, àwọn kan ti yọ́ pátápátá, àwọn kan ò tíì gbọ́ pé iná wà lábẹ́ àwọn." Mo ní kí wọ́n máa jẹ èyí tó bá jinná, kí wọ́n ṣa ìyókù padà sínú ìkòkò. Báyìí ni a ṣe jẹ oúnjẹ alẹ́ kan láti aago méje títí di aago mẹ́wàá, ní ìpín ní ìpín. Mo tún sè é lọ́jọ́ kẹta, mo tún sè é lọ́jọ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, gáàsì tó máa ń gbé wa lóṣù kan gbáko parí, oṣù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Owó oúnjẹ ni mo fi ra òmíràn. Láti dí àyè rẹ̀, mo yéé wọ kẹ̀kẹ́, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Agbójú lójoojúmọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n oòrùn Agbójú kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo ń ra mínírà tútù ní àlọ, mo ń ra òmíràn ní àbọ̀. Bàtà mi já, mo san owó fún ṣóbàtà, ó tún já. Nínú ìwé mi, "oríṣìíríṣìí" ni mo ń pe gbogbo rẹ̀. Oríṣìíríṣìí ti ju owó gàrí lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù parí, owó tó kù lọ́wọ́ mi kò lè ra oúnjẹ ọjọ́ méjì. Mo ń lọ wo ọkọ̀ náà láràárọ̀, mo ń gbọ́n ewé máńgòrò kúrò lórí tapólì, bí ẹni tó ń kí aláìsàn. Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ ra agolo ẹ̀wà kan lọ́dọ̀ Àlájà. Kò wọ̀n ọ́n. Ó fa àpótí kan fún mi.

"Bàbá, ẹ jókòó," ó ní, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo àwa tá a wà ní ìlà yìí la ti ń wò yín. Agolo kan níbí, agolo kan lọ́hùn-ún, nínú oòrùn, èèyàn ńlá bíi tiyín. A mọ̀ pé nǹkan le. Kò sí ẹni tí ò lè ṣẹlẹ̀ sí." Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa báàgì ńlá kan jáde. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀, gàrí, ẹja gbígbẹ, ìgò epo pupa kan. "Sàráà ni. A dá a jọ fún yín. Ẹ má dá a padà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un. Ó yẹ kí n sọ pé mo ní owó ìfẹ̀yìntì, mo ní ìyàwó tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ebi ló ń lé mi kiri bí kò ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ṣùgbọ́n mo wo báàgì náà, mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, mo rí i pé ó máa gbé wa dé òpin oṣù géérégé. Mo ṣe àmín sí àdúrà Àlájà lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé ẹrù mi. Nígbà tí mo délé, mo ní mo ṣe ọjà dáadáa lónìí.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ìrẹsì wà lórí tábìlì, ẹja wà lórí ìrẹsì. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi gbalaja. Ọmọ mi ń yẹ ìwé mi wò. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ, ó ní kí n bá òun tẹ ibi tí ohùn á ti jáde síta. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú o," ohùn Àlájà ló ń bọ̀ yẹn. "Ṣé sàráà tá a kó fún bàbá tó yín jẹ? Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má rìn nínú oòrùn mọ́. Ẹ máa wá mú ọjà láwìn, títí Ọlọ́run á fi ṣe é."

Ìyàwó mi nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Àlájà. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó pa fóònù náà. Ó wo ẹja tó wà lórí ìrẹsì mi.

Mo ní n kò tọrọ, pé àwọn ló fún mi. Ọmọ mi ti mú ìwé àdéhùn dání. "Dádì," ó ní, "odidi oṣù kan lẹ fi ń na ọwọ́ káàkiri ọjà. Kí la ń pe ìyẹn?" Mo jẹ ìrẹsì mi tán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì mú ọkọ̀ agbọ́kọ̀ wá. Wọ́n dúnàá dúrà pẹ̀lú ìyàwó mi, wọ́n sanwó, wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn. Mo ti múra sílẹ̀ pé n kò ní sunkún, n kò sì sunkún. Ìyàwó mi ló sunkún. Bí táyà yẹn ṣe yí lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Orí àga ẹ̀yìn yẹn ni omi mi ti ya," ó ní. "Ẹ sáré lọ́jọ́ náà débi pé ẹ ò wọ bàtà." Mo gbá a mọ́ra. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ẹnì kejì mú.

Nígbà náà ni èyí àgbà nínú àwọn ọkùnrin náà yí padà sí mi, ó fi ọwọ́ pa orí. "Bàbá," ó ní, "ẹ fún wa léènì."

Ara ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ọmọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà ń wo tapólì mi. Mo sọ fún un pé ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ èènì àwọn ẹlòmíràn fún ọgbọ̀n ọjọ́, n kò lẹ́nu tí mo lè fi sọ pé n kò ní fún un. Mo wọ kíṣìnì, mo gbé ike pẹ́ńtì jáde pẹ̀lú gbogbo ẹ̀wà tó kù nínú rẹ̀, mo gbé e fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, irú ẹ̀wà wo nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni," mo ní.

Ó dúpẹ́, ó ń gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìyàwó mi fi etí ìró nu ojú. "Ẹ dúró ná," ó ní. "Ike yẹn ò sí nínú èènì." Ó wọlé, ó mú láílọ́ọ̀nù kan wá, ó da ẹ̀wà náà sínú rẹ̀, ó so ó lẹ́nu, ó fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó fọ ike rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dojú rẹ̀ dé sí ibi tí ọkọ̀ mi wà tẹ́lẹ̀, kó lè gbẹ.