Ọjọ́ Orí Tí Mo Fi Búra

Ọjọ́ Ajé kan báyìí ni mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè nílé ẹjọ́, mo búra pé ọmọ aládùúgbò mi ti pé ọdún méjìdínlógún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìyá rẹ̀ àti èmi bímọ. Tirẹ̀ ni àkọ́bí, tèmi ni àbíkẹ́yìn. Ògiri kan péré ló wà láàrin àgbàlá wa ní àdúgbò Ladjifarani, ní Parakou, nígbà tí ọmú mi sì gbẹ, òun ló gbé ọmọbìnrin mi sí ọmú kan, tó gbé ọmọkùnrin tirẹ̀ sí èkejì, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ wá sọ fún mi, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wá ní, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé tiribúnà lọ́la," èmi á ní rárá?

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé ìbí kì í sábà bá ọmọ dàgbà. Ẹni tí kò bá ní á mú ẹlẹ́rìí lọ bá adájọ́, àwọn ẹlẹ́rìí á sọ ìgbà tí wọ́n bí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ṣe é fún ọmọ tí n kò lè kà tán. A kì í kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ní òun kò mọ̀ yín rí. Àmọ́ àwọn tí mo jẹ́rìí fún tẹ́lẹ̀, òtítọ́ ni mo sọ fún wọn, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Ti ọmọ yìí, mo mọ ọjọ́, mo mọ wákàtí, mo sì purọ́. Èmi tí mo ti dé Mẹ́kà! Ojú kò tilẹ̀ tì mí lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ń ti ààlà òkè wọlé ni ìjọba ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun. Rédíò ń kéde rẹ̀ ní Faransé, ó ń kéde rẹ̀ ní Bààtọ̀nú àti Dẹ́ńdì. Baba ọmọ náà ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ta èédú, òun náà sì ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń bá wọn lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sáré ní pápá, ó fi àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n sílẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n mú un. Ìyá rẹ̀ jó láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé tèmi, ó ní èmi ni mo bá òun bí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo rẹ́rìn-ín, mo já aṣọ kan fún un nínú ọjà mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ wọn tán, wọ́n rán wọn lọ sókè. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó wá sílé fún ìsinmi. Èjìká rẹ̀ ti fẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mi, mo sì rí i pé okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ òkè.

"Bàtà ìjọba nìyí?" ni mo bi í.

"Rárá, Tàńtí. Ti ìjọba ti ya tipẹ́. Àlòkù ni mo ra èyí."

"Kí ló dé tí ẹ kò bèèrè òmíràn?"

"Lọ́wọ́ ta ni? Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa, ní ó ń bọ̀."

Ó wá ń sọ ti jilé fún mi, ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í gbà kọjá. Ó ní ẹyọ kan ni òun àti ẹnì kejì òun ń lò. Ẹni tó bá ń ṣọ́nà á wọ̀ ọ́, bí àkókò rẹ̀ bá pé, á bọ́ ọ fún ẹnì kejì, òógùn á ṣì máa kán nínú rẹ̀. "A ti di orogún, Tàńtí. Jilé lọkọ wa." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó padà lọ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Ìbínú bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí. A ṣáà ń gbọ́ pé owó ńlá ti jáde fún ohun ìjà àti ohun ààbò. Bí mo bá rán ọmọ mi lọ ra aṣọ ní Kútọnu, màá tú ẹrù náà wò kó tó jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí mo bí. Ìjọba nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í tú ẹrù rẹ̀ wò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjà, wọ́n ní kí n rọra.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n yìnbọn fún ọmọ náà, níbi tó ti ń pọn omi lẹ́yìn àgọ́ wọn. Ẹnì kejì rẹ̀ ló wọ jilé. Ọta náà wọ èjìká òsì rẹ̀, ó fọ́ egungun. Ọlọ́run ṣe é, kò kú. Wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní Parakou. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Mo bínú sí àwọn tó yìnbọn, mo bínú sí àwọn tó fún ọkùnrin méjì ní ẹ̀wù kan, mo sì fi ẹ̀bi tèmi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí n kò ti ní í rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé aláṣẹ kan ń bọ̀ wá bá àwọn ẹbí ológun sọ̀rọ̀, kó sì jábọ̀ fún wa nípa ohun tí wọ́n ti rà. A pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Albarika. Ọkùnrin náà níwà, ó kí wa dáadáa, ó tọrọ àforíjì pé òun pẹ́. Ó ka ìwé rẹ̀: ọkọ̀, bàtà, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò lókè tó ń ṣọ́ ọ̀nà, jilé. Ó ní jilé ti kárí. Ìyá ọmọ náà, tí kò gbọ́ Faransé, fà mí láṣọ.

"Àlájà, kí ló wí?"

"Ó ní jilé ti kárí."

"Ẹ dìde. Ẹ bá mi bi í."

Mo ní láti ṣàlàyé àṣà kan fún yín kí ẹ tó lè mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni olórí àwa aláṣọ ní ìlà wa. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wá, ẹ̀bi tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ. A kò ní í gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ títí tí yóò fi sọ ibi tí òun náà ti ṣẹ̀. Ìyá tó ṣe olórí ṣáájú mi ló máa ń sọ pé bí o bá ti tú àpò tìrẹ sílẹ̀, ojú á ti ẹnì kejì láti pa tirẹ̀ dé. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí obìnrin alágídí tó bú sẹ́kún níwájú wa, kìkì nítorí pé ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ti kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ogún ọdún ni mo ti ń fi àṣà yìí parí ìjà, kò já mi kulẹ̀ rí.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, kí n tó bi yín ní tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Èmi ni mo jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Títí di òní, kò tíì pé méjìdínlógún. Mo ti jẹ́wọ́. Ó wá ku tiyín. Jilé tí ẹ ní ó kárí, níbo ni tirẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn fún un?"

Ní ọjà, ibí yìí ni ẹnì kejì ti máa ń la ẹnu. Ọkùnrin náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ nǹkan sí ẹni tó jókòó tì í létí. Ẹni yẹn fa bíírò yọ, ó ní kí n pe orúkọ ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Mo pè é, ó kọ ọ́. Ó ní kí n pe tèmi, ó kọ ìyẹn náà. Mo rò pé ìbéèrè mi ló ń kọ.

Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni ìyá náà gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Ó bi mí pé kí ni mo sọ, mo sì sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àlájà, ta ló bi yín léèrè ọjọ́ orí?"

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ìwé dé, ọ̀kan sí ilé rẹ̀, ọ̀kan sí tèmi. Tèmi ní kí n wá sọ tẹnu mi lórí ìbúra èké. Mo lọ, mo sọ ọ́, wọ́n ṣì ń pè mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó tọ́ sí mi, n kò jiyàn. Ti ọmọ náà ló bà mí nínú jẹ́. Wọ́n ní níwọ̀n bí ìwé tó fi wọlé ti jẹ́ irọ́, wọ́n kà á sí ẹni tí kò wọ iṣẹ́ ológun rí. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ọsibítù ti ń béèrè owó oògùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nípa jilé, kò sí ìwé kankan. Mo lọ bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀gá kò sí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún aláṣọ. Nígbà kẹta, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti dá mi mọ̀, ó rọra ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé."

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi tí mo ti darúgbó sínú ọjà, ó yẹ kí n mọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ká ní mo panu mọ́ ni, wọn ì bá tọ́jú èjìká rẹ̀ tán, kí wọ́n sì dá a padà sókè sídìí ààbọ̀ jilé rẹ̀. Pé ó kúkú wà nílé báyìí, ó ń mí. Mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú, kò ṣeé ṣe. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kí mi, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, àmọ́ kò dúró mọ́ lẹ́yìn ìkíni. Ọmọ mi tó fún lọ́mú ló ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ báyìí, èyí tí mo bá fúnra mi gbé lọ kì í wọlé.

Ọmọkùnrin náà nìkan ló ń wá. Lánàá, ó wá jókòó síta mi, apá òsì rẹ̀ wà lórí itan, kò lè gbé e dé àyà. Ìwé náà wà lọ́wọ́ kejì. Faransé inú rẹ̀ le ju èyí tó kọ́ nílé ìwé lọ, ó ní kí n tú u fún òun, kí n má fo nǹkan kan. Mo tú u. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kò wọ iṣẹ́ ológun rí, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò bínú. Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́:

"Tàńtí, tí n kò bá ṣe ológun rí, ta wá ni wọ́n yìnbọn fún?"