Ẹsẹ̀ Tí Kò Bára Mu

Ṣójà ni bàbá bàbá mi nígbà ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀ka ìṣègùn ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ni láti máa gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lórí sítírẹ́ṣà, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n ti igi méjì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ibi tí ìbọn ti bà wọ́n lọ sí àgọ́ tí dókítà wà.

Nínú ilé wa lẹ́yìn Máìlì 12, èmi ni mo máa ń jókòó tì í. Mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Bí mo bá lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, àfi kí n tún un sọ kí wọ́n tó gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá wọ̀: òun fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi fẹ́ gbọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn la inú ẹrẹ̀ kọjá, bí wọ́n ṣe ń ya síńgílẹ́ẹ̀tì ara wọn di ojú ọgbẹ́ nígbà tí báńdéèjì bá tán, àti bí wọ́n ṣe gbé àwọn ọmọ ogun òdìkejì náà. Ó ní ìkérora wọn kò yàtọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá iwájú kì í jẹ́ kó sinmi.

“Bàbá ṣójà! Ẹ̀yin tí ẹ lọ sógun tí ẹ ò pa eku kan!”

“Ìwọ tí o ń tún mọ́tò ṣe,” Bàbá á dáhùn, “o ti pa mélòó nínú wọn?”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó máa ń dun Bàbá. Tí àwọn tó jagun bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọn kì í mẹ́nu ba àwọn tó gbé wọn. “Nínú àwa mẹ́rin, èmi nìkan ló kù,” á sọ fún mi. “Tí mo bá lọ, ó tán nìyẹn.”

Nígbà òjò tó kọjá, odò Ògùn kún wọ àdúgbò wa. Omi dé orúnkún lójú títì, kẹ̀kẹ́ kankan ò sì lè wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọmọ ò tíì wá, ilé ìwòsàn sì wà lókè lọ́hùn-ún, lápá ọ̀nà Ìkòsì. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lé ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi kàn figbe ta ni.

Bàbá ti yàrá rẹ̀ jáde tòun ti ọ̀pá.

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wá ọparun méjì àti àpò ìrẹsì méjì fún mi.”

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lódìkejì ni wọ́n ti fa ọparun yọ. Bàbá la ìdí àwọn àpò náà, ó ti ọparun méjèèjì bọ̀ wọ́n láti ẹnu yọ ní ìdí. Ó fi Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì àti Hausa kan tó ń ṣe alábàárù lọ́jà síwájú, ó fi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn. Ó wá nawọ́ sí mi.

“Ìyàwó mi, bọ́ síbí, lẹ́yìn lápá ọ̀tún, níbi orí rẹ̀.”

“Bàbá, ẹ mú ọkùnrin,” ni Mọ́mì wí.

“Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí ojú aláìsàn. Òun ló ń pàṣẹ. Ibẹ̀ ni mo máa ń wà.”

Mo di orí ọparun mú.

A gbé e. Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì rò pé òun mọ̀ ọ́n: “Ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi ṣójà! Lẹ́fù! Ráìtì!” Ẹsẹ̀ gbogbo wa bára mu rẹ́gí. Sítírẹ́ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, ẹ̀gbọ́n mi figbe bọnu. Bàbá na ọ̀pá mọ́ ògiri.

“Ẹ dúró! Ta ló ní kí ẹ máa yan? Àwọn tó ń lọ jà ló ń yan! Bí ẹsẹ̀ yín bá bára mu, ẹ ó jù ú nù. Bí ti ẹnì kan bá ń gbéra, kí ti ẹnìkejì máa balẹ̀. Ẹ tú ẹsẹ̀ yín ká!”

Ó ti sọ fún mi rí pé wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ní yíyan bíi ti gbogbo ṣójà, kí wọ́n tó wá na àwọn kí àwọn lè gbàgbé rẹ̀.

Ìgbáròkó rẹ̀ ò jẹ́ kó lè wọ omi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. “Lọ pàṣẹ,” ó ní.

Nígbà tí a wọ inú omi, mi ò lè la ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu. Mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rí i lẹ́sẹ̀ wọn: ó pa eyín pọ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ tú ẹsẹ̀ yín ká!”

“Ohùn ta nìyẹn?”

“Èmi ni! Ẹ má wẹ̀yìn! Gọ́tà wà lọ́wọ́ òsì yín!”

“Rankadédé, madam!” ni alábàárù náà wí, ó sì yí ẹsẹ̀ padà.

Báyìí ni mo ń pariwo lọ. Àwọn èèyàn yọjú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. “Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn! Ṣé ọtí ni wọ́n mu ni?” Lọ́jọ́ mìíràn, màá ti bo ojú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kọ́ wa ní ìrìn yẹn, mo sì gbé orí mi sókè.

Nígbà tí omi ń tán lẹ́sẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi la ojú. “Kò jù mí sókè mọ́,” ó ní.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wa kíákíá. Ó bí obìnrin, ara àwọn méjèèjì sì le.

Bàbá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, tìyá tọmọ ti yọ. Ìyàwó yín yìí ló fẹ́ fi ariwo di wá létí.” Ló bá gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kí i bíi ṣójà.

“Sọ ọwọ́ ẹ sílẹ̀,” Bàbá ní. “Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Kò bára mu rárá, sà!”

Bàbá jókòó. Ó dárúkọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gbé sítírẹ́ṣà nígbà ogun lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wa, ó sì sọ fún wọn pé: “Wọ́n gbé e dé.”