Jessica Ò Jẹun

Láti ìgbà tí ìyàwó Bọ̀dá Walter ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti Jessica nìkan ló kù sínú ilé ńlá yẹn. Ejò ni Jessica. Ere kékeré kan ni, tí wọ́n bá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ní ọ́fíìsì wọn ní Odògbolú, lọ́sẹ̀ tí Bọ̀dá fẹ̀yìn tì. Bí àwọn yòókù ṣe ń wá àdá, tí ẹnì kan ti ń bèèrè ata, Bọ̀dá gbé e sínú báàgì, ó di Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ayálégbé rẹ̀, tí mò ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, sọ fún un pé orí rẹ̀ ti dàrú. N ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Jessica ò fẹnu kan eku, Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní bóyá ooru ló ń mú un, ló bá ra fáànù tuntun, ó ń tan án sí i tọ̀sán-tòru. Oṣù Keje ni o, òjò ò dá. Èmi ènìyàn ò ní fáànù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó nílò àdúrà. Ojú tì í láti dárúkọ ejò nínú ilé Ọlọ́run.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà fún Jessica. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí kò jẹun. Ó kàn ń sùn ṣáá ni, kò sì fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun."

Ẹ̀bi èdè wa yìí ni, "ó" ni ènìyàn, "ó" náà ni ejò. Mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń fi ìka ka oṣù. Ó yẹ kí n là wọ́n lóye. Ìwé orin ni mo fi bojú, mò ń rẹ́rìn-ín.

Kó tó di aago mẹ́rin, ìyá mẹ́fà ti dé. Ìyá Ìkẹ́olúwa, olórí wọn, gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ dání. Wọ́n kí Bọ̀dá kú oríire, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti jókòó sórí àga ilé yẹn. Wọ́n ní àfi kí Jessica jẹun lójú àwọn. Bọ̀dá ní kì í jẹ ewùrà. Ìyá Ìkẹ́olúwa ní aláboyún ò mọ ohun tí òun ń jẹ, ó ṣílẹ̀kùn yàrá.

Òun ló kọ́kọ́ dé títì, kò sì gbàgbé kúlà rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá. Edith ni, opó tó ń sin adìyẹ lọ́nà Ayépé. Ó fọwọ́ kan àpótí Jessica, ó pa fáànù. Ó ní òtútù ló ń pa á, pé òròmọdìẹ òun náà kì í jẹun bí òtútù bá mú wọn. Ó ní kí Bọ̀dá ta gílóòbù tó ń gbóná sókè àpótí náà, kó sì yé yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kẹrin, Jessica gbé odidi eku mì. Bọ̀dá fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré wá sọ fún mi, ó sì pe Edith lórí fóònù. Edith wá. Ó wo Jessica, ó wo Bọ̀dá, ó wo bí ṣẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi jù ú lọ́rùn.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bọ̀dá Walter? Kí lẹ jẹ lónìí?"

Bọ̀dá ní òun mu tíì. Edith ní àná ńkọ́. Ó ní tíì náà ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́ta ni a ti jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, n ò bi í rí. Edith ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bèèrè ibi tí ìkòkò wà.

Bọ̀dá dúró láàárín ilé ìdáná ara rẹ̀, ó ń wò yíká. Kò mọ̀.