Bí Bólúwají Ṣe Wádìí Ilé Ọkọ Oyíndà

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ Bólúwají Ajíbóyè jù wá lọ ní gbogbo Houston, irọ́ gbuu ló ń pa. Àwa ará ìjọ rẹ̀ la mọ̀ ọ́n nígbà tó ń ṣe wẹ́dà, tí iná irin ń kọ mànà lójú rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Àwa la wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó sunkún títí súútánà funfun ọrùn rẹ̀ fi tutù bí aṣọ ẹni tí òjò ká mọ́nà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gba iná mọ́, ó lọ di ẹ̀ṣọ́ ní ilé alájà gogoro kan ní Energy Corridor, ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹnjiníà tí kì í wojú rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Oyíndà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà sì mú ọkọ wálé: Justin Gilroy, òyìnbó tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun.

Bólúwají kò kórìíra òyìnbó. Ìgbéyàwó tí a kò wádìí ló ń bẹ̀rù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìdùnnú, ló wọ ilé ọkọ ní Ìlaròó lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, láìsí ẹni tó béèrè irú ilé tí ilé náà jẹ́. Ìyàwó ti wọlé tán kí wọ́n tó mọ̀ pé orí a máa dàrú nínú ẹbí ọkọ, láti orí bàbá dé orí ọmọ. Lọ́jọ́ tí orí ọkọ rẹ̀ dàrú, òkú Ìdùnnú ni wọ́n gbé padà wálé, oyún sì wà nínú rẹ̀. Bólúwají gan-an ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ọmọ òun kò ní wọ ilé tí òun kò kọ́kọ́ yọjú wò.

Nítorí náà, bí Justin ṣe jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Fondren báyìí, ó bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Gilroy ni mí, sà."

"Gilroy ti ibo?"

"Baba ńlá wa tó ń jẹ́ Paul ló wá láti Ireland nígbà ìyàn ńlá ọjọ́sí. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Houston níbí."

"Ìlú wo ní Ireland? Agboolé wo?"

Justin wo Oyíndà. "Ireland náà ni, sà."

"Ireland kì í ṣe agboolé! Bí mo bá sọ fún ọ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ṣé wàá mọ ilé wa?"

"Daddy, please," ni Oyíndà wí. "Wọn kì í ṣe báyìí níbí."

"Ìwọ, gbé ẹnu ẹ dákẹ́. Bàtà nìkan là ń wo ẹsẹ̀ rà. Ọkọ, a máa wo ilé tó ti jáde."

Justin rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká jọ wá a, sà. Èmi náà fẹ́ mọ̀. Tí mo bá ti béèrè nílé wa, wọn á ní kí n jẹun mi."

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Sátidé-Sátidé nìyẹn. Ọ̀nà tí bàbá Bólúwají fi ń wádìí ní Ìlaròó lòun náà gbà: ó dé fìlà, ó gbé báàgì ọsàn dání, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó tó ti bá àwọn Gilroy gbé àdúgbò rí. "Ṣé wọ́n máa ń jà nílé yẹn? Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dá sọ̀rọ̀?" Òyìnbó kan ní òun máa pe ọlọ́pàá sí i. Justin rẹ́rìn-ín títí tó fi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ọsàn mi ló kọ̀ yẹn."

"Ó rò pé ẹ fẹ́ ta oògùn fún òun ni, sà!"

Wọ́n rí sàréè Paul ní ibi ìsìnkú àtijọ́ kan tí koríko ti bò. Bólúwají ṣí fìlà, ó sì sọ fún olóògbé pé, "Paul, ọmọ rẹ rèé o, ó wá kí ọ." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ mẹ́rin wà lórí òkúta kékeré kan, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló kó wọn lọ. Paul tó wọ ọkọ̀ ojú omi tí pákó rẹ̀ ti rà, débi pé ẹja ń wọlé wá kí èrò, tó sá fún ebi kí ọmọ tí yóò bí má bàa kú! Bólúwají pàtẹ́wọ́. "Mẹ́rin. Ó mà ṣe o."

Láàárín àwọn Sátidé wọ̀nyí, Justin mọ ẹ̀kọ jẹ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Ó gbọ́ ìtàn Ìdùnnú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bólúwají sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ọmọ mi" láìmọ̀ọ́mọ̀, ó ti ń gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ jáde.

Ẹni tó kù láti bi ni Noreen, àbúrò bàbá àgbà Justin, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti bá a. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n jẹ ọsàn, kí Bólúwají tó gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Irú àìsàn wo ló wà nílé yín?"

"Kí ló dé tí ẹ fi béèrè?"

"Ọmọ mi obìnrin ló fẹ́ fẹ́ ẹ."

Ìyá náà wo Justin pẹ́. "Ó yẹ kí ẹ gbọ́ nígbà náà," ló wí. Ó ní lẹ́yìn tí ibà kó ọmọ Paul mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Abọ́ wọn ni yóò máa tò sórí tábìlì, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sétí odò bayou, ó sì rìn wọnú omi. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó kù, bàbá àgbà tòun Noreen, dàgbà, ó rí jẹ, ó rí mu, òun náà fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. "Lẹ́yìn náà, ó kan ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá àgbà?" ni Justin wí. "Àìsàn ọkàn ló pa wọ́n. Gbogbo yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí à ń sọ fún ọmọdé nìyẹn, Justin."

Ojú Justin funfun. Mọ́tò ni bàbá tirẹ̀ kú sí, òun nìkan, lórí òpópónà freeway tó gbẹ, tí oòrùn ń ràn. "Bàbá mi ńkọ́?"

Noreen yíjú sí fèrèsé.

Bí ìwádìí bá bàjẹ́ nílé, alárinà a kàn ní ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, Bólúwají ní, "A ò gbọ́ nǹkan kan. Ogbó ti ń da ìyá yẹn láàmú."

"Sà, ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn Àǹtí Ìdùnnú fún mi."

"Ti Ìdùnnú yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

Bólúwají ki ọwọ́ bọ báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Justin fi sọ fún Oyíndà pé òun kò ní lè fẹ́ ẹ mọ́. Oyíndà wọlé tọ bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ béèrè, béèrè, béèrè! Daddy, èmi ò bi í! Bó ṣe wà ni mo ṣe fẹ́ ẹ!"

"Oyíndà, mo rò pé..."

"Ẹ lọ bá mi mú un wá. I'm serious. Bí ẹ ṣe fẹnu yín lé e lọ, ẹ fẹnu yín mú un wá."

Oyíndà fi mọ́tò gbé e dé ilé Justin ní Uptown, ó sì dúró dè é nísàlẹ̀. Justin ṣílẹ̀kùn, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Bólúwají ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, àgbàlagbà tí ọmọdé máa ń dọ̀bálẹ̀ fún. Justin rò pé ó dákú ni. Ó ti gbá fóònù mú láti pe áńbúláǹsì.

"Mi ò dákú. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́."

Justin kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ dìde, sà."

"Sọ pé o máa fẹ́ ọmọ mi, kí n dìde. Wòlíì wa á gbààwẹ̀, a ó já okùn ìran yẹn."

"Ẹ máa bá mi gbàdúrà, mo gbà á. Mo ti ń lọ rí dókítà pẹ̀lú. Àmọ́ ká ní ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó mọ̀ mí, sà, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n wọlé yín?"

Kò sẹ́ni tí kì bá ti purọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà Bólúwají wà nílẹ̀, ojú ọmọ náà sì súnmọ́ tirẹ̀. "Rárá," ló wí. "Àmọ́ mo ti mọ̀ ọ́ báyìí."

"Mo mọ̀, sà." Justin fi apá gbé e dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e fún un. Omijé ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ó sìn ín dé ẹnu lífítì, kò tẹ̀ síwájú mọ́.

Nísàlẹ̀, Oyíndà wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn gíláàsì padé. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e.

Wọ́n padà dé Fondren. Bólúwají sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó ń retí pé kí Oyíndà sọ nǹkan, ì báà jẹ́ kó tilẹ̀ bú òun.

"Ẹ bá mi tìlẹ̀kùn, Daddy," ló wí, ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà.