Ewúro Tó Mọ́

Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà, tí ẹ gbọ́ ẹni tó ń bá ẹ̀fọ́ ṣọkọ wí pé ó tètè rọ, Àpínkẹ́ nìyẹn. Ìyá Fúnlọ́lá la máa ń pè é. Ọdún méjìlá rèé tí mo ti ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí orúkọ ẹ̀ ń ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ rẹ̀ ò dáa, ìjà dé nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Kaosarah, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń gbé ní Àgbowó, wá ra ewúro lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fún àwọn eku ní parasitamọ́ọ̀lù ní àpọ̀jù, èyí tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kí òun wò ó bóyá omi ewúro lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ náà.

"Màmá, èyí tó mọ́ ni kí ẹ bá mi wá o. Mi ò fẹ́ yẹ̀pẹ̀ rárá."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Wá gbà á lọ́la."

Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ náà padà dé, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹ̀dọ̀ gbogbo eku ló bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ní ayédèrú ewúro ló rà, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun má ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá yẹn mọ́.

Àpínkẹ́ fò dìde. "Ayédèrú? Èmi? Ewúro tí mo fọwọ́ ara mi gbo, tí mo fiyọ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, títí tí kò fi hó mọ́! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lè jẹ ẹ́!"

Kaosarah lanu sílẹ̀. "Màmá, ẹ fọ ìkorò rẹ̀ kúrò?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kó mọ́ ni?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀pẹ̀ lọmọ ń sọ, ọbẹ̀ nìyá ń rò, ìkorò tó jẹ́ oògùn tí wọ́n ń wá sì ti bá gọ́tà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé Àpínkẹ́ jókòó, tó dorí kodò, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ewúro mìíràn dànù, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kò gbo ó rárá. Ó gbé e lọ sí Àgbowó fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Kaosarah tún ìdánwò náà ṣe, ẹ̀dọ̀ àwọn eku tuntun tó mu omi ewúro sàn ju ti àwọn tí kò mu ún lọ dáadáa. Ó gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ wá hàn wá. Lójú ewé ìdúpẹ́, orúkọ Àpínkẹ́ ló wà níbẹ̀, tàmì-tàmì. Àpínkẹ́ ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹta. Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú èmi náà dùn dé èékánná.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá ti béèrè ewúro, ìbéèrè kan ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Àpínkẹ́:

"Ti ọbẹ̀ lẹ fẹ́ ni, àbí ti eku?"