Etí Bàbá Mi Lẹ́bàá Ẹ̀rọ Èlùbọ́

Mo rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo bá ti ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi l'Ọ́kà. Ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́ ló ní, àwọn obìnrin a sì máa gbé iṣu gbígbẹ wá láti Ṣúpárè àti Etioro. Bàbá mi kì í fọwọ́ kan ìyẹ̀fun kó tó mọ̀ pé ó kúnná. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Á gbé orí sún mọ́ ẹ̀rọ, á gbọ́ bí irin méjì tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń lọ iṣu náà, á sì yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di, ṣe ló túbọ̀ ń sún mọ́ ọn.

Inú bí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà n'Íkàrẹ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ṣọ́ọ̀kì ò lè là yé èèyàn. Mo ya inú etí sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní irun tín-íntìn-tín wà lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú etí, okùn sì so irun kan mọ́ èkejì. Àwọn purotéènì kan wà níbẹ̀ tí ń rìn, tí ń fa okùn yẹn kó má dẹ̀, kí ìró tó kéré jù lọ lè ṣílẹ̀kùn wọlé.

"Bíi bẹ́líìtì ẹ̀rọ yín ni, Bàbá. Bó bá dẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́."

"Ta ló wá ń fà á le?"

"Àwọn purotéènì yẹn ni."

"Tíṣà, sọ fún wọn kí wọ́n fà á le dáadáa."

"Ariwo yìí ló ń pa wọ́n! Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá kú, irun rẹ̀ ò ní hù mọ́."

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Jímọ̀ tó kọjá ni mo fá eléyìí. Ó ti hù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ra ohun ìbotí tí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń lò fún un, ó gbé e kọ́ ìṣó. Ó ní bí òun bá dé e, òun ò ní gbọ́ ẹ̀rọ, irin á sì jẹ irin. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo bí ọmọbìnrin. Bàbá mi ló yẹ kó pe ìrun sí i létí, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe fún ọmọ tuntun. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, ló bá kígbe bí ẹni tó ń pe gbogbo Ọ̀kà. Ọmọ náà ta gìrì, ó lanu, ó ń ké títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bàbá mi wo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ó ń yán. Oorun ń kùn ún."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ẹ̀kọ́ yẹn, inú sì ṣì ń bí mi bí mo bá dé ibi okùn. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ báyìí. Ọmọ mi a máa jókòó ti bàbá mi, á máa ròyìn iléèwé fún un, bàbá mi á sì máa mi orí. Ó mọ ojú ọmọ náà, ó mọ ìrìn rẹ̀ láti òkèèrè. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.