Ọjọ́ Tí Rédíò Òkú Gbé Ohùn Mi

Ọjọ́ tí Dípò kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ohun tó béèrè ni bóyá mo lè bá òun ba rédíò kan jẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún nígbà náà tí mo ti ń tún rédíò, ampilifáyà àti sípíkà ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún mi rí. Mo ní kó jókòó. Ọmọ Iléṣà ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ń fi "sà" sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé òun ń fẹ́ rédíò tí kò ní dúró lórí ilé-iṣẹ́ kankan, tí yóò máa sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tún padà, tí yóò máa já ohùn gbà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ó ní inú àwọn ègé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni àwọn òkú ti máa ń fọhùn.

Mo rẹ́rìn-ín. "Àwọn òkú wo?"

"Èyíkéyìí tó bá wà nítòsí, sà," ó dáhùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a ba rédíò náà jẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní rédíò òkú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣe àpótí kékeré kan tó ní iná wẹ́wẹ́ márùn-ún. Bí èèyàn bá gbé e súnmọ́ ibi tí iná mànàmáná ń gbà, àwọn iná náà á máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dípò ní ẹ̀mí náà máa ń tan án. Ohun kẹta ni máìkì tí a so mọ́ wáyà gígùn, tí a lè sọ̀ sínú kànga tàbí tì bọ àjà ilé, kí a wà níta kí a máa fi sípíkà gbọ́ ohun tó bá ń dún níbẹ̀. Dípò a máa fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, á gbé e sórí ayélujára, àwọn èèyàn á sì máa pè é kiri. Ó ní kí n máa bá òun lọ, nítorí àwọn ẹ̀rọ náà sábà máa ń kú lójú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ mi ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ìlànà rẹ̀ kò le. A óò wọ ilé tí wọ́n ní ẹ̀mí wà, a óò ní kí gbogbo ará ilé dákẹ́. Dípò á béèrè ìbéèrè kan, a óò dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè kà dé ogún, á tún béèrè òmíràn. Ó fẹ́ràn láti máa bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé àwọn ti kú. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀, pàápàá àwọn tí ikú òjijì pa, pé ìdí tí wọ́n fi ń yọ ará ilé lẹ́nu nìyẹn.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè wá pé ọkọ òun ń mí lẹ́yìn ògiri yàrá. Gbogbo iná márààrún ló tàn nígbà tí a gbé àpótí débẹ̀. Dípò kúnlẹ̀. Èmi yí lọ sẹ́yìn ilé, mo sì rí wáyà aládùúgbò kan tó ti bó, tó fara kan ògiri tútù, tó ń kùn. Mo fi téèpù wé e kó má baà pa obìnrin náà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni òkú ti dákẹ́. Màmá náà ránṣẹ́ pé ọkọ òun ti lọ sinmi, ó sì fi iṣu ránṣẹ́ sí wa. Mo jẹ ẹ́.

Ó yẹ kí n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà náà. Dípò gba gbogbo ohun tó ń ṣe gbọ́. Èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú àpótí. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé nínú èmi àti Dípò, ta ni yóò jíhìn.

Ẹbí kan ní Iléṣà ló fa èyí tó burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Wọ́n gbọ́ ohùn tí rédíò òkú gbé fún wọn, àkọ́bí wọn sì fajú ro. Ó ní, "Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn." Òótọ́ ló sọ, ìròyìn ni. Nígbà tí mo délé, mo fi ẹ̀rọ ẹ́kò tó ń mú ohùn tún ara rẹ̀ sọ sínú ampilifáyà tí rédíò àti máìkì wa ń gbà dún, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì máa ń lò kí ohùn wòlíì lè dún bí ẹni pé òkè ló ti ń bọ̀. Abẹ́ ìdérí ẹ̀yìn ampilifáyà náà ni mo fi bọ́tìnnì rẹ̀ pamọ́ sí. Dípò kò mọ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò ráhùn mọ́. Bí o bá wúkọ́ sínú máìkì yẹn, wàá rò pé baba ńlá rẹ ló wúkọ́.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn awagóòlù kan ní Itagunmodi ránṣẹ́ pè wá. Ní ìgbà òjò tó kọjá, kòtò kan ti ya lu ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lájí. Wọ́n gbẹ́ kòtò náà padà dé ìsàlẹ̀, wọn kò rí i. Ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ó lọ síwájú bíi gígùn ọkùnrin méjì kí iyẹ̀pẹ̀ tó dí i, wọ́n sì gbà pé ẹ̀yìn iyẹ̀pẹ̀ yẹn ló wà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ àwọn láti ibẹ̀, wọn kò sì fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Olórí wọn, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Baba Kòtò, fẹ́ kí a bá òkú náà sọ̀rọ̀ kó lè jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́.

Ìyá Bọ́lájí wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ó jókòó lábẹ́ igi kòkó, lórí páànù tí wọ́n fi ń ru iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló máa ń wá. Ó wo àwọn ẹ̀rọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárọ̀ ni, oòrùn sì ti mú. A sọ máìkì sínú kòtò, a gbé ampilifáyà àti sípíkà sórí tábìlì lókè. Sípíkà náà ń dún pàràpàrà, kò gbé ohùn kankan tó mọ́. Dípò ní ẹ̀mí náà ló ń bínú. Èmi mọ̀ pé ibi tí mo ti so wáyà pọ̀ ló tú, mo sì ní kí wọ́n so okùn mọ́ mi. Baba Kòtò fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi níbàdí.

"Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nísàlẹ̀ yẹn," ó ní, "má dáhùn o."

Mo ní mo ti gbọ́. Òfin tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa ni.

Mo bọ́ sísàlẹ̀, mo tún wáyà so. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé á dára kí n gbé máìkì náà wọ inú ihò ẹ̀gbẹ́. Okùn kò gùn tó, mo tú u. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ti rá wọlé tán nígbà tí nǹkan kan ró lẹ́yìn mi bí ìgbà tí wọ́n ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, òkùnkùn sì bò mí.

N kò mọ bó ti pẹ́ tó kí n tó lè mí dáadáa. Iyẹ̀pẹ̀ bò mí lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ohun tó dá ẹ̀mí mi sí ni páìpù tí wọ́n ti fi ń fa omi kúrò nínú kòtò, tí wọn kò yọ. Ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ wọlé, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lókè bí ẹni pé inú ìkòkò ni wọ́n wà. Mo gbìyànjú láti pariwo sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ti dí mi lọ́fun. Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, mo sì gbọ́ ohùn ara mi lókè: ó gbilẹ̀, ó jìnnà, ó ń tún ara rẹ̀ sọ. Wáyà náà kò já. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo ní, "Dípò, mo wà láàyè. Ẹ wa ilẹ̀."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá. Mo pe Baba Kòtò. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ tí mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń pè wọ́n ni ìdákẹ́jẹ́ ń pọ̀ sí i. Kòtò yẹn kò dá ẹni tó gbé mì padà rí, ohùn mi sì ti gba inú ẹ̀rọ tí a gbé wá fi gbọ́ òkú jáde. Ta ni yóò dáhùn?

Dípò nìkan ló padà wá sídìí tábìlì. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

"Bàbá Tọ́pẹ́," ó ní, "ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti kú?"

"N kò tíì kú. Iyẹ̀pẹ̀ ló dí ẹnu ihò. Ẹ wa á."

Ó dákẹ́ títí èèyàn fi lè kà dé ogún. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn tó kù pé, "Kò mọ̀."

Mo sọ fún un pé ẹ́kò wà nínú ampilifáyà, pé èmi ni mo fi síbẹ̀, pé kó tú ìdérí ẹ̀yìn kó pa bọ́tìnnì pupa, á gbọ́ ohùn mi bó ṣe rí. Inú ilẹ̀ ni mo ti wá ń jẹ́wọ́ ohun tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ lókè. Ó ní ẹ̀mí máa ń purọ́ kí wọ́n má baà lé e lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí n lọ ní àlàáfíà. Mo bú sẹ́kún. Ẹkún náà gba sípíkà jáde, mo sì gbọ́ tí òun náà dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dún lẹ́bàá páìpù, ó ń béèrè ẹni tó ń sunkún. Àwọn ọkùnrin ń kígbe sí i láti òkèèrè pé kó má dáhùn. Ó ní láti ìgbà òjò ni òun ti ń retí ẹni tí yóò pe òun. Ó fi ẹnu sí páìpù.

"Ṣé ìwọ ni, Bọ́lájí?"

Mo rò ó pé bí mo bá dárúkọ ara mi, á sá bí àwọn yòókù ṣe sá. Mo gbé máìkì sẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Èmi ni. Ẹ yọ mí jáde."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó sọ fún wọn pé Bọ́lájí ọmọ òun ló ń pè, kí wọ́n wá yọ ọ́ jáde, àti pé ọkùnrin tó bá dúró tó ń wòran, ojú rẹ̀ ni òun yóò ti tú aṣọ òun sílẹ̀. Baba Kòtò bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ṣọ́bìrì àkọ́kọ́.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dúró, mo ń pe Màámi. Nígbà tí wọ́n fà mí dókè, gbogbo ẹni tó wà nítòsí mi sá, àfi Baba Kòtò tó fọwọ́ kàn mí lójú, tó sì wo ìka rẹ̀ bóyá ara èèyàn ló kàn. Dípò jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó so aṣọ rẹ̀ le, ó sì lọ wo inú kòtò.

N kò tún bá Dípò jáde mọ́. Mo tú gbogbo ẹ̀rọ náà palẹ̀, iná wẹ́wẹ́ wọn wà nínú agolo lórí tábìlì mi. Rédíò tó bá bàjẹ́ nìkan ni mo ń tún ṣe báyìí, n kì í sì í ti ilẹ̀kùn bí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òjò ìbáà máa fẹ́ wọlé.

Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, mo lọ sí Itagunmodi, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Bọ́lájí. Mo ní, "Mo purọ́ fún yín, mà. Mo pe ara mi ní ọmọ yín."

"Dìde," ó ní. "Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí ní Màámi rí. Yèyé ló ń pè mí. Bí o ṣe lanu ni mo ti mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ni."

Mo bi í pé kí ló dé tó wá sọ fún wọn pé Bọ́lájí ni.

"Wọ́n ti gbọ́ orúkọ tìrẹ, wọ́n sì ti sá. Orúkọ wo ni kí n tún pè?" Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Èmi náà sì rò ó pé bí wọ́n bá ń wa ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, wọ́n lè bá tèmi pàdé."

Wọn kò bá a pàdé. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ mí ni Baba Kòtò mú katapíllà wá, wọ́n sì dí kòtò náà pa kó má baà tún gbé ẹlòmíràn. Ìyá Bọ́lájí fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ó ní òun dúró wò ó títí ilẹ̀ fi tẹ́jú.

Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa ẹ̀wà náà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a ṣe tán, ó bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní ó wà, ní Òṣogbo.

"Máa lọ," ó ní. "Lọ jẹ́ kó rí ọ."